Wizard ti gba gbogbo iṣẹ́ mọ́ Fighter mi lọ́wọ́. Ta ló yẹ ká bá wí?

JagunBàdàn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. D&D (Dungeons & Dragons, eré ìtàn orí tábìlì tí a ń fi dáìsì ṣe) là ń ṣe, ẹ̀dà karùn-ún, ìwé ọdún 2014. Fighter, jagunjagun, ni mo mú, a sì ti dé ìpele 9. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn mi ni gbogbo wọn ń sá sí. Ní báyìí, mo ti di ẹni tó ń bá Wizard, oṣó ẹgbẹ́ wa, gbé ẹrù.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A dé ìdí ògiri odi kan tó ga tó 40 ẹsẹ̀ bàtà. Mo ti ń yọ okùn nínú àpò. Wizard ní kí n dá okùn padà, ó pe ọfọ̀ Fly, ó fò kọjá, ó sì ṣí géètì fún wa látinú. A bá ilẹ̀kùn míì tí wọ́n tì pa. Rogue wa, ẹni tó mọ ilẹ̀kùn ṣí, ń tú irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ni Wizard pe Knock, ilẹ̀kùn ṣí. Hobgoblin mẹ́jọ ya bò wá. Fireball ẹyọ kan, wọ́n ti jóná kí dáìsì mi tó kan tábìlì. Ó wá ku òmìrán tó jẹ́ ọ̀gá wọn, mo ní "ẹ̀hẹn, tèmi nìyí." Wizard fi Wall of Force sé e mọ́ igun yàrá, a gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ló ní kí gbogbo wa máa bọ̀ wá sùn.

Mi ò bá ọ̀rẹ́ wa jà o, ó mọ eré ṣe. Ohun tí mò ń béèrè ni pé, ṣé DM, ẹni tó ń darí eré wa, ló yẹ kó dín agbára Wizard kù ni, àbí kí n fi Fighter sílẹ̀ kí n mú nǹkan míì?

Ọfọ̀Kan
Mú Wizard tìẹ náà. Ó parí.

Ìyá_Dáìsì
Àbúrò, kó tó di pé a ń dín agbára ẹnikẹ́ni kù, dá mi lóhùn ìbéèrè kan: ìjà mélòó lẹ máa ń jà kí ẹ tó sùn?

Ìdí tí mo fi béèrè ni pé ìwé DM ti 2014 sọ ọ́ kedere pé ẹgbẹ́ kan lè ja ìjà mẹ́fà sí mẹ́jọ lóòjọ́, àwọn tó mọ níwọ̀n àti àwọn tó le díẹ̀, kí agbára tó tán lára wọn. Orí ìyẹn ni wọ́n gbé ìṣirò kíláàsì (irú ẹ̀dá tí a mú, bíi Fighter tàbí Wizard) lé. Wizard ìpele 9 ní ọfọ̀ 14 tó lè ná lóòjọ́: 4 ti ipò kìíní (bí ipò bá ṣe ga ni ọfọ̀ ṣe lágbára tó), 3 ti ìkejì, 3 ti ìkẹta, 3 ti ìkẹrin, ẹyọ 1 péré ti ìkarùn-ún. Ó lè rí díẹ̀ gbà padà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ bó bá jókòó sinmi. Pín in sí ìjà méje, ọfọ̀ méjì-méjì ló kan ìjà kan, a ò sì tíì yọ Shield àti Misty Step tó máa fi gba ara rẹ̀ là. Ìwọ ńkọ́? Action Surge (tó ń jẹ́ kí o tún jà lójú ẹsẹ̀) àti Second Wind (tó ń dá okun padà sí ọ lára) rẹ, wákàtí kan tí ẹ bá fi jókòó ti tó láti dá wọn padà. Idà kì í tán lọ́wọ́ ẹni.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìjà kan ṣoṣo lóòjọ́, Wizard máa da gbogbo 14 yẹn sí i lórí. Kò sí Fighter tó lè bá irú owó báyẹn náwó.

JagunBàdàn
Ẹ ṣé mà. Ìjà kan ni o. Bó bá pọ̀ jù, méjì. Ó ní ọfọ̀ kan, Tiny Hut, tó máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pè láìná ọfọ̀ kankan nínú 14 yẹn. Ahéré kan máa yọ, a ó wọ inú rẹ̀, ó di àárọ̀.

Ìyá_Dáìsì
Ẹ̀yin ará, ẹ ti gbọ́.

ÒfinLójúÌwé
Ẹ jẹ́ kí n fi òfin díẹ̀ kún un, nítorí ó jọ pé ìdajì rẹ̀ lẹ̀ ń fò.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀dá lè jẹ èrè oorun gígùn láàárín wákàtí 24. Bí ẹ bá jí láàárọ̀, tí ẹ ja ìjà kan, tí Wizard ní "ẹ jẹ́ ká sùn" ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ẹ lè sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọfọ̀ kan kò ní padà. Ẹ máa jókòó sínú ahéré yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ahéré náà kì í kúrò lójú kan, bí ẹni tó pè é bá sì jáde, ó ti wó nìyẹn.

Knock ń kọ́? Bó bá ti ṣí ilẹ̀kùn, ó máa ń dún gbàmù, wọ́n á gbọ́ ọ tó 300 ẹsẹ̀ bàtà. Irin iṣẹ́ Rogue kì í dún. Ìdí nìyẹn tí Rogue fi wà. Bí DM yín bá jẹ́ kí Knock dákẹ́ jẹ́ẹ́, Rogue ló jà lólè, kì í ṣe ìwọ nìkan.

Fly àti Wall of Force, ọkàn ẹni gbọ́dọ̀ wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀kan ṣoṣo sì lèèyàn lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá pe èkejì, àkọ́kọ́ ti lọ. Bí wọ́n bá sì ta á lọ́fà nígbà tó di ọ̀kan mú, ó gbọ́dọ̀ ju dáìsì kó má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé wọ́n máa ń ta á lọ́fà?

JagunBàdàn
Rárá. Èmi ni wọ́n máa ń kọjú sí ṣáá. Mo rò pé iṣẹ́ mi nìyẹn.

AṣọOyè_Houston
Ìyá_Dáìsì, mo gbà fún yín lórí ọ̀rọ̀ ìjà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Ẹ tún ohun tí JagunBàdàn kọ kà. Ìjà kọ́ ló kọ́kọ́ dùn ún. Ògiri ni. Ìjà mẹ́wàá tí ẹ bá tò síwájú wọn kò ní kí Fly má fò kọjá ògiri.

Nínú ìjà gan-an, Fighter kò kéré rárá. Idà ńlá rẹ̀ ń ju 2d6 (dáìsì olójú mẹ́fà méjì), ẹ fi 5 ti agbára apá kún un, 12 ni ìpíndọ́gba. Ó ń ṣá lẹ́ẹ̀mejì, Action Surge sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹrin: 48 lára ẹ̀dá kan bí gbogbo rẹ̀ bá bà á. Fireball ń ju 8d6, 28 ni ìpíndọ́gba rẹ̀ lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Hobgoblin tí ẹ̀mí rẹ̀ (iye ìpalára tó lè gbà kó tó kú) kò ju 11 lọ, kódà bó ju dáìsì tó yege, ìdajì iná yẹn ṣì máa pa á. Ṣùgbọ́n òmìrán orí òkè tí ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ 105, Fireball kàn máa jó o ní irùngbọ̀n ni. Òmìrán wà fún idà, ọ̀pọ̀ èrò wà fún iná. Ìyẹn dọ́gba dáadáa.

Ẹ wá ṣí ìwé Fighter, kí ẹ wá ohun kan tó lè ṣe nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ bá a jà. Ní ìpele 9, wọ́n fún un ní Indomitable, pé kó tún dáìsì ju bó bá kùnà. Ní 11, ṣíṣá kẹta. Ní 17, Action Surge kejì. Wizard ńkọ́? Ní 13, Teleport, ó lè kó èèyàn mẹ́jọ dání láti ìlú kan dé òmíràn kí ojú tó ṣẹ́. Ní 17, Wish, tó lè sọ ohun tó bá fẹ́ di òótọ́. Fighter ń tún ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣe sí i. Wizard ń kọ́ irú ohun tuntun ní gbogbo ìpele méjì. Oorun kò lè tún ìyẹn ṣe.

Ìyá_Dáìsì
Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ohun tí Fly yẹn ná an. Ó jẹ ọ̀kan nínú mẹ́ta ti ipò kẹta. Fireball jẹ èkejì. Bó bá mọ̀ dájú pé ìjà márùn-ún ṣì wà níwájú, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé "JagunBàdàn, jọ̀ọ́, mú okùn yẹn wá." Ìgbà tí ọfọ̀ bá wọ́n ni okùn máa ń níyì.

ÀgbàTábìlì
Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé eré yìí jáde lọ́dún 1974, kíláàsì mẹ́ta péré ló wà: Fighting-Man (Fighter òde òní), Magic-User (Wizard òde òní) àti Cleric (àlùfáà). Thief, tí ẹ ń pè ní Rogue báyìí, tẹ̀ lé wọn ní 1975. Ìdọ́gba tí wọ́n ń wá nígbà náà kì í ṣe ti ìpele sí ìpele. Ẹ wo AD&D, ẹ̀dà tó jáde lẹ́yìn ìyẹn. Magic-User ìpele kìíní ní ọfọ̀ kan lóòjọ́, dáìsì ẹ̀mí rẹ̀ jẹ́ d4 (olójú mẹ́rin), bí wọ́n bá sì lù ú nígbà tó ń pe ọfọ̀ lọ́wọ́, ọfọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Iye ìrírí tí wọ́n fi ń gòkè kò rí bákan náà rárá. Thief ń wá nǹkan bí 1,250 kó tó dé ìpele kejì, Fighter 2,000, Magic-User 2,500. Ẹni tó bá mú Magic-User fara da ìyà láti ìsàlẹ̀, ó wá jẹ gàba lókè.

Èyí tí mo fẹ́ kí JagunBàdàn gbọ́ nìyí. Ní ìpele 9 gan-an, ibi tó wà yìí, Fighter ayé ìgbà yẹn di Lord. Ó lè kọ́ odi tirẹ̀, ó gba ilẹ̀, àwọn ọmọ ogun sì máa ń wá fúnra wọn láti sìn ín. Magic-User ní Fireball, Fighter ní ogun. Bí wọ́n bá dé ìlú, ta ni ọba máa pè sínú ààfin? Nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde ní 2000, wọ́n da gbogbo kíláàsì sórí iye ìrírí kan náà, wọ́n gba odi àti ọmọ ogun kúrò lára Fighter, ẹni tó bá fẹ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní láti fi àyè feat (ẹ̀bùn àkànṣe) kan rà á, Wizard náà sì lè rà á. Wọn kò gba ohunkóhun lára Wizard. Fighter wá dà bíi Balógun tí wọ́n gba ọmọ ogun lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n ní kó ṣì máa jẹ́ Balógun. Láti ìgbà yẹn ni ẹkún yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé Jonathan Tweet, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn tó ṣe ẹ̀dà kẹta, òun náà ló bá Mark Rein-Hagen ṣe Ars Magica ní 1987. Nínú ìyẹn, wọn ò díbọ́n rárá: oṣó ju gbogbo èèyàn lọ. Ojútùú wọn ni pé oníkálukú mú oṣó kan, ó tún mú alábàárìn kan tí kì í ṣe oṣó, gbogbo yín sì jọ ni àwọn ìránṣẹ́ àti ẹ̀ṣọ́ tí ẹnikẹ́ni lè mú. Lónìí ìwọ ni oṣó, lọ́la èmi ni. Agbára kò dọ́gba láàárín àwọn ẹ̀dá inú eré, ó dọ́gba láàárín àwọn tó jókòó yí tábìlì ká.

Kẹrin_Láéláé
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ yí i ká. Ẹ̀dà kẹrin, 2008, tún gbogbo èyí ṣe. Fighter àti Wizard ní àwọn agbára lọ́nà kan náà: èyí tí o lè lò nígbàkúùgbà, èyí tí o lè lò lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà kan, èyí tí o lè lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Fighter ń di ọ̀tá mú kó má lè kọjá lọ bá àwọn tó wà lẹ́yìn. Ẹ wá pariwo pé gbogbo kíláàsì ti jọra, ẹ sá lọ bá Pathfinder, eré míì tó tẹ̀ lé ìlànà ẹ̀dà kẹta, ní 2009. Ẹ gba ìdọ́gba, ẹ kọ̀ ọ́, ẹ tún ń sunkún pé kò sí ìdọ́gba.

AṣọOyè_Houston
A kọ̀ ọ́ torí pé ìjà kan lè gba gbogbo alẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀.

Kẹrin_Láéláé
Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ kíláàsì. Ẹ̀mí ọ̀tá ló pọ̀ jù nínú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n sì dín in kù nígbà tó yá.

MonkTòṣì
Ṣé kò sí ẹni tó máa dárúkọ Monk, kíláàsì tó ń fi ọwọ́ lásán jà, níbí ni?

ÒfinLójúÌwé
Monk ní ojúewé tirẹ̀ lókè, ẹkún ibẹ̀ ti kún dé ọrùn.

OṣóPẹ̀lẹ́
Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń mú Wizard náà sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀mí tí Wizard ìpele 9 máa ń ní kì í sábà ju 56 lọ. Fighter tí ara rẹ̀ le díẹ̀ ń gbé 85, ó tún wọ irin. Bí òmìrán bá bà mí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ti sùn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yára parí ìjà, kì í ṣe pé mo fẹ́ gba ògo.

Àmọ́ ọ̀rẹ́ yín yẹn ń ná ọfọ̀ rẹ̀ bí ọmọ ìnákúnàá. Ipò kẹta kan náà tó fi pe Fireball, ó lè fi pe Haste sára Fighter. Ìyẹn fún un ní ṣíṣá kan sí i ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án, ààbò 2 sí i, ìrìn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan tí ọkàn mi kò bá kúrò lórí rẹ̀. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ mi ṣá, Fighter máa dúró gbọnrangandan fún ìgbà kan, nítorí náà ẹ dáàbò bò mí. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi àti Fighter la jọ pa òmìrán, kì í ṣe èmi nìkan. JagunBàdàn, o ti sọ ọ́ fún un rí? Kì í ṣe DM, òun gan-an.

JagunBàdàn
Mi ò tíì sọ ọ́. Òun ló ni ilé tí a ti ń ṣeré, ìyàwó rẹ̀ ló ń se ìrẹsì fún wa. Ẹ bá mi ronú sí i.

OṣóPẹ̀lẹ́
Haha. Ẹnu ìrẹsì yẹn gan-an ni kí o ti sọ ọ́.

Ṣàngó20
Ẹ gbé ìwé 2024 wò o. Fighter ti ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Weapon Mastery wà láti ìpele kìíní: bí o bá fi òòlù ogun lu ọ̀tá, o lè tì í sẹ́yìn ní 10 ẹsẹ̀ bàtà, àwọn ohun ìjà míì lè gbé e ṣubú. Ìpele kejì, Tactical Mind. Èyí ló kan ọ̀rọ̀ AṣọOyè: bí o bá ju dáìsì láti gun ògiri, tàbí láti bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, tí o sì kùnà, o lè ná Second Wind kan kí o fi 1d10 kún un. Bó bá ṣì kùnà, Second Wind rẹ kò lọ. Ọ̀fẹ́ ni òfin Fighter yẹn nínú SRD 5.2, ìwé òfin tí wọ́n gbé jáde ní 2025, kò sí pé ẹ ń ra ìwé. Ẹ bẹ DM yín pé kó jẹ́ kí o lo Fighter tuntun láàárín àwọn tó kù.

AṣọOyè_Houston
Ó dáa jù ti tẹ́lẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n 1d10 kò tíì jẹ́ Teleport.

DM_Mókọ́lá
DM tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń kọ èyí. JagunBàdàn, mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo rí "40 ẹsẹ̀ bàtà." Ẹ kú àmójútó, gbogbo yín.

Mi ò ní dín agbára Wizard kù. Ó ka ìwé rẹ̀, ó mọ ohun tó ń ṣe, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọfọ̀ rẹ̀, àríyànjiyàn la ó fi lo gbogbo Sátidé. Wọ́n lè máa sùn. Hobgoblin ni kò ní sùn. Ẹgbẹ́ ogun ni wọ́n, kì í ṣe ẹran igbó tó ń dúró sí yàrá rẹ̀ títí a ó fi dé. Bí ẹ bá wọ ahéré ní aago mẹ́wàá, wọ́n á kó àwọn ẹrú tí ẹ wá gbà sílẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ, òmìrán tí ẹ fi sílẹ̀ láàyè á sì ti ròyìn yín tán. Knock á máa dún láti òní lọ.

Ọ̀rọ̀ ÀgbàTábìlì ló mú mi lọ́kàn jù. Baálẹ̀ abúlé tí ẹ gbà lọ́wọ́ ogun lóṣù tó kọjá máa ránṣẹ́ sí JagunBàdàn. Ogún èèyàn, olùṣọ́ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ àti apata. Ìwọ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe Wizard. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni dáìsì. Bí ogún èèyàn bá ń ju d20 (dáìsì olójú ogún) lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á mọ́ bá wa.

ÒfinLójúÌwé
Òfin ọ̀pọ̀ èrò wà nínú ìwé DM 2014, ẹ má ju dáìsì rárá. Ẹ wo iye tí ẹnì kan nílò lórí d20 kó tó ba ọ̀tá. Olùṣọ́ ń fi 3 kún dáìsì rẹ̀, ààbò hobgoblin (iye tí dáìsì gbọ́dọ̀ dé kó tó bà á) jẹ́ 18, nítorí náà 15 ló nílò. Tábìlì náà sọ pé bó bá jẹ́ 15 tàbí 16, èèyàn mẹ́rin máa jùmọ̀ ní bíbà kan. Ogún èèyàn, bíbà márùn-ún. Ọ̀kọ̀ wọn ń ṣe bíi 4 lẹ́ẹ̀kan, 20 lápapọ̀. Hobgoblin kan ti kú, èkejì ti fara gbọgbẹ́ gan-an, nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, láìju dáìsì kan.

Ìyá_Dáìsì
Bẹ́ẹ̀ Fireball ọ̀tá kan ṣoṣo lè pa gbogbo ogún wọn o. Jẹ́ kó kọ́ bí a ṣe ń tú wọn ká.

JagunBàdàn
DM, ẹ ṣeun gan-an ni. Ìbéèrè kan péré: ta ló máa bọ́ ogún èèyàn?

DM_Mókọ́lá
Ìwọ ni o. Kọ iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ wá kó tó di Sátidé.